Ẹ Jẹ́ Kí Ọkọ̀ Ológun Hàn Lóru: Ọ̀rọ̀ Kan Láti Rumuola

Nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ nípa ìlera ní orílẹ̀-èdè yìí, ọkàn ọ̀pọ̀ èèyàn a máa lọ sí ibà, ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà àti jẹjẹrẹ. Ìwọ̀nba díẹ̀ ló máa ń rántí ojú pópó. Bẹ́ẹ̀, àjọ ìlera lágbàáyé, WHO, sọ nínú àbọ̀ tó gbé jáde lọ́dún 2023 pé nǹkan bí 1,190,000 èèyàn ni ìjàǹbá ojú pópó ń pa lọ́dọọdún káàkiri àgbáyé, àti pé òun ló ń pa àwọn ọmọ àti ọ̀dọ́ tí ọjọ́ orí wọn wà láàrin ọdún 5 sí 29 jù. Ìdí rèé tí a fi gbé ọ̀rọ̀ ọkọ̀ akẹ́rù àwọn ológun wá sí ojú ewé ìlera. Kí ònkàwé má ṣe rò pé a ti ṣìnà.

Rumuola jẹ́ ọ̀kan lára àwọn àdúgbò tí ọkọ̀ ti ń pọ̀ ní Port Harcourt, lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Obio/Akpor, ní ìpínlẹ̀ Rivers. Òpópónà tó lọ sí ìlú Aba gba ibẹ̀ kọjá. Ọkọ̀ èrò, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ọkọ̀ àwọn ilé iṣẹ́ epo àti àjàgbé tó ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn ni wọ́n jọ ń du ojú ọ̀nà níbẹ̀. Bori Camp, tí í ṣe bárékè àwọn ọmọ ogun, wà lójú òpópónà Aba yìí kan náà, kò sì jìnnà sí Rumuola. Olú ilé iṣẹ́ ìpín 6 àwọn ọmọ ogun orí ilẹ̀ Nàìjíríà náà wà ní Port Harcourt. Nítorí náà, ọkọ̀ ológun kì í ṣe àlejò lójú ọ̀nà yìí. Àwọn ọmọ Yorùbá tí iṣẹ́ tàbí òwò gbé dé Port Harcourt mọ̀ ọ́n bí ẹni mowó. Tọ̀sán-tòru ni wọ́n ń kó ṣọ́jà lọ, tí wọ́n ń kó oúnjẹ àti epo lọ síbi iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe ní ẹkùn Niger Delta.

Ẹ jẹ́ ká wo ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀. Ọ̀dà àwọ̀ ewé tó ṣókùnkùn ni wọ́n fi kùn ún, ọ̀dà náà kì í sì í dán. Kì í ṣe pé owó kò tó ra ọ̀dà tó ń dán. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni. Ẹni tó ṣe ọkọ̀ ogun kò fẹ́ kí oòrùn kọ mànà lára rẹ̀ kí ọ̀tá tó wà ní òkèèrè wá rí i. Tàpólì tó bò ó lẹ́yìn náà, àwọ̀ kan náà ni. Iná ẹ̀yìn rẹ̀ kéré, ó sì wà nísàlẹ̀ níbi tí ẹrọ̀fọ̀ ti lè bò ó. Bí ọkọ̀ náà bá ti wá pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, wáyà á já, gíláàsì iná á fọ́, gílóòbù á jó, ọkọ̀ náà á sì máa lọ nítorí pé ẹ́ńjìnnì rẹ̀ le. Mercedes 911, MAN àti Steyr àtijọ́ kì í kú bọ̀rọ̀. Ó ṣeé ṣe kí òmíràn nínú wọn dàgbà ju ṣọ́jà tó ń wà á lọ. Agbára ẹ́ńjìnnì yìí gan-an ló dá wàhálà sílẹ̀, nítorí pé ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bá ti kú kò lè jáde lóru, ṣùgbọ́n èyí tí iná rẹ̀ nìkan kú yóò jáde.

Ohun tí mo ní láti sọ kò ju ẹyọ kan lọ. Ọkọ̀ tí a ṣe kí ọ̀tá má baà rí i ti di ohun tí ará ìlú kò rí. Ìfarapamọ́ tó dára nínú igbó ti di ewu láàrin ìlú, àtúnṣe rẹ̀ kò sì nira.

Báwo ni ojú wa ṣe ń ríran lóru? Bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń dínkù, bẹ́ẹ̀ ni ojú èèyàn ń pàdánù agbára láti mọ àwọ̀. Pupa, ewé àti búlúù á bẹ̀rẹ̀ sí í jọ ara wọn, ohun tó kù tí ojú fi ń ṣiṣẹ́ ni ìyàtọ̀ tó wà láàrin ohun tó mọ́lẹ̀ àti ohun tó ṣókùnkùn. Ohun dúdú tó dúró níwájú ọ̀nà dúdú kò ní ìyàtọ̀ kankan. Bí iná ọkọ̀ tó ń bọ̀ lódìkejì bá tún kàn wá lójú, ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan lè kọjá kí ojú tó padà bọ̀ sípò. Ọjọ́ orí náà ń kópa. Ìmọ́lẹ̀ tó ń dé ìsàlẹ̀ ojú ẹni ọgọ́ta ọdún kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú ìdá mẹ́ta èyí tó ń dé ti ọmọ ogún ọdún. Ẹ wá ronú nípa àwọn bàbá wa tó ń wakọ̀ èrò láti ìrọ̀lẹ́ títí di òru, tí awọ funfun ti ń bo ẹyinjú wọn, tí wọn kò sì tíì yọjú sí oníṣègùn ojú láti ọdún tí wọ́n ti gba ìwé ìwakọ̀.

Ìṣirò náà rọrùn. Ọkọ̀ tó ń sáré 100 kìlómítà ní wákàtí kan ń gba mítà 28 kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan péré. Kí awakọ̀ tó rí nǹkan, kí ọpọlọ rẹ̀ tó sọ fún ẹsẹ̀, kí ẹsẹ̀ tó tẹ bíréèkì, kí ọkọ̀ tó dúró pátápátá, yóò gbà tó mítà 100 lójú ọ̀nà tó gbẹ. Iná iwájú tí a rẹ̀ sílẹ̀ kì í sì í fi ohun dúdú hàn wá kọjá nǹkan bí mítà 50. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé nígbà tí awakọ̀ yóò fi rí ẹ̀yìn ọkọ̀ ológun tí kò níná, ìdajì ọ̀nà tó yẹ kó fi dúró ti lọ. Bíréèkì tó dára kò lè gbà á, àdúrà nìkan ló kù. Bí eré rẹ̀ bá jẹ́ 60, ó lè dúró ní nǹkan bí mítà 45, ìyẹn ni pé díẹ̀ báyìí ló kù kó kọlu ọkọ̀ náà. Èyí jẹ́ nígbà tí ilẹ̀ bá gbẹ o. Ẹni tó bá mọ Port Harcourt mọ bí òjò ṣe ń rọ̀ níbẹ̀ ní ọ̀pọ̀ oṣù nínú ọdún.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ara èèyàn nínú irú ìkọlù yìí yàtọ̀ sí ti ìkọlù mìíràn. Ọkọ̀ ológun ga nílẹ̀ nítorí pé inú igbó àti ojú ọ̀nà tí kò dára ni wọ́n ṣe é fún. Ọ̀pọ̀ àwọn àtijọ́ kò ní irin tí ó yẹ kó wà nísàlẹ̀ ẹ̀yìn ọkọ̀ láti dá ọkọ̀ kékeré dúró. Bí ọkọ̀ kékeré bá kọlù ú, iwájú ọkọ̀ náà á wọ abẹ́ rẹ̀ lọ, ohun tí yóò sì kọ́kọ́ pàdé irin ni gíláàsì iwájú. Lẹ́yìn gíláàsì, orí ló kàn. Bọ́ḿpà tí wọ́n ṣe láti gba ìkọlù kò kan nǹkan kan, àpò afẹ́fẹ́ tó yẹ kó tú jáde lè pẹ́ kó tó tú, bẹ́líìtì kò sì lè ṣe ohunkóhun sí irin tó ń bọ̀ wá bá èèyàn lójú. Orí, ọrùn àti ọ̀pá ẹ̀yìn ni irú ìjàǹbá yìí ń bàjẹ́. Ẹni tí kò bá kú lè má dìde rìn mọ́.

Àwọn ará Amẹ́ríkà kọ́ ẹ̀kọ́ yìí ní ọdún 1967. Ní òru ọjọ́ 29 oṣù kẹfà ọdún náà, ọkọ̀ tí gbajúmọ̀ òṣèré fíìmù, Jayne Mansfield, wà nínú rẹ̀ wọ abẹ́ àjàgbé kan lẹ́bàá ìlú New Orleans. Èéfín tí ọkọ̀ apẹ̀fọn ń tú jáde ló bo àjàgbé náà mọ́lẹ̀. Òṣèré náà àti àgbàlagbà méjì mìíràn kú. Àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́ta tó wà lẹ́yìn yè é. Títí di òní, orúkọ rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn níbẹ̀ fi ń pe irin ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn àjàgbé. Ẹ ṣàkíyèsí pé èéfín ló fà á. A óò padà sórí ọ̀rọ̀ èéfín láìpẹ́.

Kò sí ẹni tó wà nílẹ̀ Yorùbá tí kò gbọ́ èyí tó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ 29 oṣù kejìlá ọdún 2025, nígbà tí jíìpù tó gbé akànṣẹ́ Anthony Joshua lọ kọlu ọkọ̀ akẹ́rù tó dúró sí ẹ̀bá ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, ní agbègbè Mákùn nítòsí Ṣágámù. Akànṣẹ́ náà fara pa díẹ̀, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì sì pàdánù ẹ̀mí wọn. Àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, FRSC, sọ nígbà náà pé eré àsápajúdé àti bí ọkọ̀ náà ṣe fẹ́ ya òmíràn sílẹ̀ lọ́nà tí kò tọ́ ló fa ìjàǹbá náà. Èmi kò ní dá sí ẹjọ́ tó lọ sí iwájú adájọ́. Ohun tí mo fẹ́ kí a rò ni pé ojú ọ̀sán ni èyí ṣẹlẹ̀, ọkọ̀ akẹ́rù ará ìlú sì ni, kì í ṣe ti ológun. Bí ọkọ̀ ńlá tó dúró lẹ́bàá ọ̀nà bá lè gbẹ̀mí lójú oòrùn, kí ni a fẹ́ sọ nípa èyí tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ kùn ní àwọ̀ igbó, tó wà lójú ọ̀nà Aba ní aago mẹ́wàá alẹ́ láìní iná?

Ìyàtọ̀ mìíràn tún wà láàrin ọkọ̀ ará ìlú àti ti ológun. Bí iná ẹ̀yìn ọkọ̀ èrò kan bá kú, ẹlòmíràn á súnmọ́ ọn, á yọ orí síta, á ní, "Ọ̀gá, iná ẹ̀yìn yín ò tàn o!" Ẹ̀ṣọ́ ojú pópó á dá a dúró, á béèrè C-caution, á ní kó lọ tún iná ṣe. Ṣùgbọ́n ta ni yóò lọ súnmọ́ ọkọ̀ tí ṣọ́jà mẹ́wàá di ìbọn mú sí láti sọ fún wọn pé iná wọn ti kú? Ẹ̀rù kì í jẹ́ kí ará ìlú sọ ọ́. Nọ́ḿbà tiwọn yàtọ̀, àwọn fúnra wọn ló sì ń yẹ ọkọ̀ wọn wò. Nítorí náà, bí ológun kò bá tún un ṣe, kò sí ẹlòmíràn tí yóò bá wọn tún un ṣe. Òkùnkùn ò sì mẹni ọ̀wọ̀. Àwọn tó jókòó lẹ́yìn ọkọ̀ náà gan-an, àwọn ọmọ ogun tí ẹ̀yìn wọn kọjú sí ọ̀nà, ni ìkọlù náà yóò kọ́kọ́ bá.

Kí wá ni àtúnṣe? Téèpù rifilẹ́kítọ̀ ni, èyí tí àwọn awakọ̀ àjàgbé mọ̀ dáadáa: téèpù pupa àti funfun tí kò níná nínú ara rẹ̀, ṣùgbọ́n tí ìmọ́lẹ̀ bá kàn án, yóò dá a padà tààrà sí ibi tó ti wá. Ẹni tó tan iná sí i nìkan ló ń rí i. Bí a bá lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ láti ọ̀tún dé òsì, àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, awakọ̀ tó ń bọ̀ yóò rí i láti ìwọ̀n ọgọ́rọ̀ọ̀rún mítà. Ó tún dára kí ó yí gbogbo etí ẹ̀yìn ọkọ̀ po gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílẹ̀ Yúróòpù, kí ẹni tó rí i lè mọ̀ pé ohun ńlá kan ló dí ọ̀nà, kó má rò pé kẹ̀kẹ́ méjì ló ń lọ ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn.

Èyí kì í ṣe àbá orí ahọ́n lásán. Láti oṣù kejìlá ọdún 1993 ni Amẹ́ríkà ti pa á láṣẹ pé kí gbogbo àjàgbé ńlá tuntun ní téèpù yìí lára. Ní ọdún 2001, àjọ tó ń rí sí ààbò ojú pópó níbẹ̀, NHTSA, gbé àbọ̀ ìwádìí jáde lórí àǹfààní rẹ̀. Wọ́n rí i pé ó dín ìkọlù sí ẹ̀gbẹ́ àti ẹ̀yìn àjàgbé kù ní ìdá 29 nínú 100 nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú. Níbi tí kò bá sí iná ojú pópó rárá, ìdá 41 nínú 100 ni. Mo mọ òògùn tí kò tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn èèyàn ń to ìlà láti rà. Ṣùgbọ́n òfin ààbò ọkọ̀ ti Amẹ́ríkà yọ ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún àwọn ológun sílẹ̀, nítorí náà ẹnikẹ́ni má rò pé Nàìjíríà nìkan ló ní ìṣòro yìí.

Nínú àbọ̀ yẹn kan náà ni ohun tó kan Port Harcourt jù lọ wà, mo sì rọ ẹ̀yin tí ń gbé Rumuola kí ẹ kà á dáadáa. Téèpù tó mọ́ dín ìkọlù láti ẹ̀yìn kù ní ìdá 53 nínú 100. Èyí tó dọ̀tí, ìdá 27 péré. Ìdọ̀tí nìkan gba nǹkan bí ìdajì àǹfààní náà lọ.

Port Harcourt ni ìlú tí láti òpin ọdún 2016 ni àwọn aráàlú ti ń pariwo nípa ẹ̀yọ dúdú tí gbogbo ayé níbẹ̀ ń pè ní soot. Àwọn ibi tí wọ́n ti ń fọ epo rọ̀bì lọ́nà àìtọ́ nínú igbó àti ẹ̀bá odò ló ń tú púpọ̀ rẹ̀ jáde, títí dórí pé ní oṣù kìíní ọdún 2022, gómìnà ìpínlẹ̀ náà nígbà náà, Nyesom Wike, kéde pé òun yóò gbógun ti àwọn ibi wọ̀nyí. Àwọn oníṣègùn ti sọ púpọ̀ nípa ohun tí ẹ̀yọ náà ń ṣe sí ẹ̀dọ̀fóró, a kò ní tún un sọ níbí. Ohun tí a kì í sábà ronú sí ni pé ohun tó ń bà lé aṣọ tí a sá síta, tó ń bà lé ojú fèrèsé àti ihò imú ọmọdé, òun náà ni í bà lé gíláàsì iná ọkọ̀ àti téèpù. Ẹ fi ẹrọ̀fọ̀ ọ̀nà oko kún un. Ọkọ̀ ológun tó ti lọ sí igbó fún ọjọ́ mẹ́ta, tó wá padà sí bárékè lóru, lè ní gbogbo téèpù ayé lára kó má sì hàn. Nítorí náà, ẹni tó bá lẹ téèpù láìsí garawa omi, ọṣẹ àti kànrìnkàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kò tíì ṣe ju ìdajì iṣẹ́ lọ.

Mo mọ ohun tí àwọn ọ̀gá ológun yóò sọ. Wọn yóò ní ọkọ̀ ogun kì í ṣe ọkọ̀ ìyàwó. Pé bí a bá fi ohun tó ń tàn sí i lára, a ti fi í lé ọ̀tá lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ gidi ni, pàápàá ní ẹkùn tí wọ́n ti ń bá àwọn agbébọn fà á láti ọdún pípẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká bi àwọn ọdẹ wa. Ọdẹ a máa wọ aṣọ tó bá igbó mu, a máa rìn jẹ́jẹ́ kí ẹran má baà gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀. Síbẹ̀, bí ó bá fura pé ọdẹ mìíràn wà nítòsí, yóò fohùn sílẹ̀, yóò jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé èèyàn ni òun. Ẹran ni kò fẹ́ kó rí òun, kì í ṣe ẹnìkejì rẹ̀. Ojú ọ̀nà Aba ní Rumuola kì í ṣe igbó ẹran. Ọmọ ìyá wọn ló kún ibẹ̀.

Àwọn tó ja ogun tó ju tiwa lọ pàápàá ti kojú ọ̀rọ̀ yìí rí. Nígbà tí ogun àgbáyé kejì bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1939, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàṣẹ pé kí gbogbo iná òru kú nítorí ọkọ̀ òfuurufú Jámánì. Ọkọ̀ ń rìn nínú òkùnkùn biribiri. Ní ọdún 1941, èèyàn 9,169 ló kú lójú pópó ilẹ̀ náà, iye tí kò tíì sí irú rẹ̀ níbẹ̀ ṣáájú tàbí lẹ́yìn ìgbà náà. Kí ni wọ́n ṣe? Wọ́n kun etí ọ̀nà, ara igi àti bọ́ḿpà ọkọ̀ ní funfun. Àwọn ọmọ ogun wọn náà kun abẹ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ akẹ́rù wọn ní funfun, wọ́n sì fi iná kékeré kan tàn án láti abẹ́, tó fi jẹ́ pé awakọ̀ tó ń tẹ̀ lé e ń rí i, ọ̀tá tó wà lókè kò sì rí i. Bí ẹni tí bọ́ǹbù ń já lù lórí bá lè wá ọ̀nà tí wọn yóò fi rí ẹ̀yìn ọkọ̀ ara wọn, àwáwí wo ló kù fún wa? Ní Jámánì òde òní, bí ọkọ̀ ológun bá ń rìn ní ọ̀wọ́, àsíá búlúù ni wọ́n máa ń ta sára wọn, èyí tó kẹ́yìn á sì ta àsíá aláwọ̀ ewé kí ará ìlú lè mọ ibi tí ọ̀wọ́ náà parí sí. Kò sí ẹni tó sọ pé wọn kì í ṣe ọmọ ogun mọ́.

Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò bá sì tíì balẹ̀, ọ̀nà mìíràn wà. A lè lẹ téèpù náà mọ́ pátákó tàbí aṣọ tàpólì tí a lè so kọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ nígbà tó bá wà láàrin ìlú, kí a sì tú u kúrò kó tó wọ ibi iṣẹ́. Tàbí kí a fi aṣọ bò ó mọ́lẹ̀. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú méjì ni. Ní ti owó, téèpù tí yóò yí ọkọ̀ ńlá kan ká kò tó iye tí wọ́n ń ta táyà rẹ̀ kan ṣoṣo.

Ọkọ̀ tó bàjẹ́ sójú ọ̀nà tún ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀, nítorí pé òun ló léwu jù, ọkọ̀ àtijọ́ sì ni í sábà bàjẹ́. A mọ àṣà wa. Wọn yóò já ẹ̀ka igi tútù, wọn yóò tò ó sẹ́yìn ọkọ̀ ní ìṣísẹ̀ mẹ́wàá, wọn yóò ka òkúta lé e. Ewé tútù lóru, lẹ́yìn ọkọ̀ aláwọ̀ ewé! Lọ́sàn-án ó ń ṣiṣẹ́ díẹ̀. Lóru kò wúlò fún nǹkan kan ju pé kó bá ọkọ̀ náà para pọ̀ di igbó kan. C-caution méjì tó ń tàn, tí a gbé síwájú ju mítà 50 lọ sẹ́yìn ọkọ̀, ni ó yẹ. Ṣọ́jà kan tó wọ aṣọ tó ń tàn lè dúró lẹ́bàá ọ̀nà pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, kì í ṣe láàrin ọ̀nà.

A kò gbọdọ̀ gbàgbé àwọn ọkọ̀ tó ti kúrò lọ́wọ́ ológun. Wọ́n a máa ta àwọn àtijọ́ ní gbàǹjo, ará ìlú á rà wọ́n, á sọ wọ́n di ọkọ̀ agbégẹdú, agbéyanrìn tàbí agbómi. Ẹni tó rà á á tún ẹ́ńjìnnì ṣe, á tún jíà ṣe, ṣùgbọ́n àwọ̀ igbó náà lè wà níbẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá kí ó fi tó ríì owó ọ̀dà. Lọ́dọ̀ irú àwọn wọ̀nyí, ẹ̀ṣọ́ ojú pópó àti àwọn tó ń yẹ ọkọ̀ wò ní agbára. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni gba ìwé ọkọ̀ fún irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ láìjẹ́ pé ó ti kun ẹ̀yìn rẹ̀ ní àwọ̀ tó mọ́lẹ̀, tó sì ti lẹ téèpù mọ́ ọn.

Kí èyí tó ṣẹlẹ̀, kí ni kí awakọ̀ tó ń gba Rumuola kọjá lóru ṣe? Ó yẹ kó nu gíláàsì iwájú ọkọ̀ rẹ̀ nínú àti lóde, nítorí ẹ̀yọ tó wà lára rẹ̀ a máa fọ́n iná ọkọ̀ tó ń bọ̀ ká. Eré tí òfin gbà láàrin ìlú, 50 kìlómítà ní wákàtí kan, kì í ṣe àbá. Ìṣirò tí a ṣe lókè yìí ló bí i. Bí iná ọkọ̀ bá kàn án lójú, kí ó wo etí ọ̀nà lọ́wọ́ ọ̀tún, kí ó dín eré kù, kí ó má sì gbà pé nítorí òun kò rí nǹkan kan, kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

Bí ìjàǹbá bá sì ṣẹlẹ̀, nọ́ḿbà àjọ FRSC ni 122. Kí a má ṣe fi ọrùn fa ẹni tó há sínú ọkọ̀ jáde, àyàfi bí iná bá fẹ́ ràn. Kí a má da omi sí i lórí, kí a má sì fún un ní omi mu. Ọ̀pọ̀ ẹni tó yẹ kó yè ni irú àánú bẹ́ẹ̀ ti pa. Kí ẹnì kan di orí àti ọrùn rẹ̀ mú láìjẹ́ kó mì, kí ẹlòmíràn fi aṣọ mímọ́ tẹ ojú ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń jáde. Ilé ìwòsàn tí wọ́n bá gbé e lọ, ì báà jẹ́ ti ìjọba tàbí ti aládàáni, kò gbọdọ̀ kọ̀ láti tọ́jú rẹ̀: òfin ìlera Nàìjíríà ti ọdún 2014 sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ tó ní ìjìyà.

Àbá tí mo ní fún àwọn ọ̀gá ìpín 6 kò le. Kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà Bori Camp. Kí ọkọ̀ akẹ́rù kankan má ṣe jáde níbẹ̀ lẹ́yìn aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ láìjẹ́ pé ẹ̀ṣọ́ tó wà lẹ́nu géètì ti yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò, tó rí iná méjèèjì tó ń tàn, tó sì fi tọ́ọ̀ṣì tan téèpù rẹ̀ láti ọ̀ọ́kán. Èyí tí kò bá hàn sí tọ́ọ̀ṣì, kí ó padà sínú lọ wẹ̀. Àwọn àjọ FRSC ní ìpínlẹ̀ Rivers lè bá wọn kọ́ àwọn ẹ̀ṣọ́ géètì ní ohun tó yẹ kí wọ́n máa wò. Iṣẹ́ òwúrọ̀ ọjọ́ kan ni. Bí wọ́n bá fẹ́ ṣe é, kí wọ́n ṣe é kí òjò tó gba gbogbo ìrọ̀lẹ́ lọ́wọ́ wa, nígbà tí ọ̀nà ṣì gbẹ, tí téèpù sì lè lẹ̀ dáadáa mọ́ ara irin.